Máìkì Tó Gbé "Ẹ" Mì

Tí ẹnikẹ́ni bá tún fi "hẹ́lò, hẹ́lò" dán máìkì wò lójú mi, àfi ká jọ wọ ṣòkòtò kan náà. Mi ò fi ṣeré rárá. Hẹ́lò ló kó bá mi. Díẹ̀ ló kù kí hẹ́lò gba ìyàwó mọ́ mi lọ́wọ́, kí wọ́n sì máa fi mí bá ọmọ wí nínú ilé kan ní Ọ̀yọ́ tí mi ò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Wíńdò alumíníọ̀mù ni mò ń ṣe ní Ìdímù, Ẹ̀gbẹ́dá ni mò ń gbé. Obìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ jẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ìgándò, ọmọ Ọ̀yọ́ sì ni. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Kánádà ló dúró bíi bàbá fún un, ohun tí ọkùnrin yìí bá sì ti sọ, ìyá wọn gan-an kì í yí i padà. Ibi tí wàhálà wà ni pé mo fi ọdún mẹ́ta ju ẹ̀gbọ́n yìí lọ. Mo ti ń sáré kiri kí wọ́n tó bí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn kò lè máa ka ọdún sí wọn létí, nítorí náà mo gbà láti máa sọ "ẹ" fún un. Òun ń sọ "o" fún mi ní tiẹ̀. Mo gbé e mì.

Ẹ má rò pé ó rọrùn o. Ọmọ Èkìtì ni mí. Nínú ilé wa, a kì í fi "ẹ" bá àgbà sọ̀rọ̀ tí a bá ń sọ èdè tiwa. Ìyá ìyá mi pàápàá, bí ẹni ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ ni mo ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀, kò sì rí i bí àrífín lọ́jọ́ kan rí, nítorí mo ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó la ẹnu. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá níbí ni mo ti kọ́ "ẹ", pẹ̀lú ẹgba. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí lọ́jọ́ tí mo bi tíṣà mi pé, "Ṣé o ti jẹun?" Inú rere ni mo fi béèrè. Ó nà mí níwájú gbogbo kíláàsì. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi "ẹ" ṣeré mọ́.

Àmọ́ "ẹ" nìkan ni mo lè ṣe fún ọmọkùnrin yẹn. "Sà" ni mi ò lè ṣe. Mo sọ ọ́ fún obìnrin mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n má retí "sà" lẹ́nu mi, ó sì ní kò burú, pé "ẹ" náà ti tó.

Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀rọ̀ géèmù wá. Ó ní òun ò fẹ́ ká máa pe ara wa lórí fóònù ká máa sọ̀rọ̀ bíi pé mo wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Ó ní ká máa gbá bọ́ọ̀lù pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ní ọ̀sán Sátidé, tó jẹ́ òwúrọ̀ lọ́dọ̀ tiẹ̀, ká wà ní ẹgbẹ́ kan náà, ká sì máa sọ̀rọ̀ bí a bá ṣe ń gbá a. Ibẹ̀ ni òun á ti mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Mo ní láptọ́ọ̀pù, mo sì lè ra détà. Ohun tí mi ò ní ni hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì. Mi ò sì lè lo èyíkéyìí tí mo bá ṣáà rí, nítorí abẹ́ wíńdò mi gan-an ni ará ilé mi gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sí, tí nǹkan náà bá sì ti ń dún, èmi fúnra mi kì í gbọ́ ohun tí mò ń rò.

Mo gba Ìkòtún lọ. Ṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì kọ́ sára ògiri láti òkè délẹ̀. Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ ò lè ju ọdún méjìlélógún lọ. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí lo fẹ́ rà?"

Mo ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ má bínú. Kí lẹ fẹ́ rà?"

"Ẹn-ẹ́n. Báyìí ni kí o máa sọ̀rọ̀."

Ẹ rántí ibẹ̀ yẹn dáadáa, nítorí mo padà rántí rẹ̀.

Mo sọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ fún un. Mo ní hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì géèmù ni, kí apá mi ká a, kó dún dáadáa létí mi, kí máìkì rẹ̀ sì gbé ohùn mi dé òkè òkun láìmú jẹnẹrétọ̀ dání. Mẹ́ta ló kó wá. Àkọ́kọ́ rẹwà, ó rọ̀ létí, àmọ́ nígbà tó pe iye rẹ̀, mo rọra gbé e sílẹ̀ kí n má baà fọ́ ọ. Èkejì dúdú lásán ni, kò níná, kò ní bọ́tìnnì, máìkì rẹ̀ kàn yọ síta pẹ̀lú fóòmù lórí. Ẹni tó ń tà á fúnra rẹ̀ yọ ṣùtì sí i. Ó ní àwọn tó ń dáhùn fóònù ní ọ́fíìsì ló ń ra ìyẹn, pé kì í ṣe nǹkan tí ènìyàn fi ń ta géèmù.

Ẹ̀kẹta ló wá gbé jáde bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Iná pupa ń tàn ní apá ọ̀tún, búlúù ní apá òsì. Àpótí kékeré kan wà láàárín okùn rẹ̀, ó ní inú àpótí yẹn ni ohun tó ń pa ariwo wà. "Bọ̀ọ̀dá, kí jẹnẹrétọ̀ mẹ́wàá máa dún lẹ́yìn yín, ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ ò ní gbọ́ ẹyọ kan."

Ó fi orin sí i, ó gbé e wọ̀ mí lórí. Ó ń dún gbì, gbì, gbì, títí mo fi ń gbọ́ ọ nínú eyín. Mo ń mi orí bí ọ̀dọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ta nǹkan fún wa ní Èkó yìí, ẹ ṣáà jẹ́ kó dún. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá ó ń gbọ́ràn.

Lẹ́yìn náà ló ní kí n dán máìkì wò. Ó ki okùn rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà tiẹ̀, ó ní kí n sọ̀rọ̀. Kí lẹ rò pé mo sọ? Mo ní, "Hẹ́lò. Hẹ́lò." Ó gbà á sílẹ̀, ó jẹ́ kí n gbọ́ ọ padà. Jẹnẹrétọ̀ gbogbo Ìkòtún ń dún níta, kò sì sí ọ̀kan nínú rẹ̀ níbẹ̀. Hẹ́lò nìkan ni mo gbọ́, ó mọ́ tónítóní. Mo sanwó, mo sì rò pé mo gbọ́n.

Sátidé àkọ́kọ́, mo jókòó, mo tún kọ́là mi ṣe bíi pé ó ń rí mi. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀." Ó dáhùn pé, "Káàsán." A bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n gbá, mi ò ní parọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ta irú géèmù yìí rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í gùn. Mò ń sọ pé, "Ẹ fún mi." Mò ń sọ pé, "Ẹ gbá a sílé." Tó bá ṣubú, mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Tó bá gbá a wọlé, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Gbogbo ẹ̀ ni mo fi "ẹ" ṣáájú, pẹ̀lú bó ṣe ń dùn mí tó.

Sátidé kejì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dínkù. Ní ẹ̀kẹta, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tó fi máa di ẹ̀kẹrin, "hùn" ni gbogbo ohun tó ń sọ. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń nà wá ló ń bí i nínú, mo bá tún múra sí ìtùnú. Mo ní, "Ẹ má bínú. Ẹ fara balẹ̀, a máa san án padà." Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ láì dágbére.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn, obìnrin mi wọlé tọ̀ mí wá láti ibi iṣẹ́. Kò jókòó. Báàgì rẹ̀ ṣì wà léjìká.

"Kí lo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi?"

Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti pe màmá wọn láàárọ̀. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tí a dá ọjọ́ rẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, tí màmá mi ti ra aṣọ tó máa wọ̀ sí i, ó ní kí wọ́n dá a dúró. Ó ní kí àwọn ènìyàn mi má wulẹ̀ wá sí Ọ̀yọ́.

"Ó ní ò ń pàṣẹ fún òun. Ó ní 'káàárọ̀' lo fi ń kí òun. Ó ní 'fún mi', 'gbá a', 'pẹ̀lẹ́', 'má bínú', bíi pé ọmọọṣẹ́ rẹ lòun. Ó ní nígbà tó bá wù ọ́, wàá sọ 'ẹ' láàárín ọ̀rọ̀, nígbà tí kò bá wù ọ́, wàá yọ ọ́, pé ò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé o fi ọdún mẹ́ta ju òun lọ."

Mo ṣì ń rántí bí èmi náà ṣe bá ọmọ ṣọ́ọ̀bù Ìkòtún wí nítorí "o" kan ṣoṣo, nígbà tó fi èyí tó burú jù kún un. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun sọ fún màmá wọn pé kò ya òun lẹ́nu, pé Èkìtì ni mí, pé wọn kì í kọ́ wọn ní ọ̀wọ̀ nílé.

Ojú mi ṣú. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè kọ síbí. Mo ní ṣé nítorí ọmọ yẹn ni mo ṣe ń ká ahọ́n mi kò láti Sátidé dé Sátidé? Mo ní ìyá ìyá tèmi ló kọ́ mi ní ọ̀wọ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ́ mi ní "ẹ". Mo pariwo débi pé ará ilé mi pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kó lè gbọ́ ọ dáadáa.

Ó jẹ́ kí n pariwo tán. Ó wá rọra bi mí pé, "Ṣé o sọ ọ́ àbí o ò sọ ọ́?"

Ìbéèrè yẹn dùn mí ju gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí lọ. Ọ̀rọ̀ mi ò dá òun náà lójú mọ́. Mo ní, "Mo sọ ọ́. Gbogbo ìgbà ni mo sọ ọ́."

Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Gbé hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì yẹn wá."

Ó ki okùn rẹ̀ bọ láptọ́ọ̀pù, ó ní kí n máa sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n òun, òun á sì máa gbà á sílẹ̀. Ó jókòó síwájú mi bíi pé mo wà ní kíláàsì rẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀." Mo sinmi díẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́." Mo tún sinmi. Mo ní, "Ẹ má bínú." Ó tẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀.

"Káàárọ̀," ni láptọ́ọ̀pù wí, pẹ̀lú ohùn mi. "Jọ̀ọ́." "Má bínú."

A wo ara wa. Mo ní kó jẹ́ kí n sọ "ẹ" nìkan. Mo sọ ọ́ bí ènìyàn ṣe máa ń sọ ọ́, wẹ́rẹ́, bí ẹni fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Nígbà tí a gbọ́ ọ padà, òfìfo ni. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì tó wà lára àpótí okùn náà, iná pupa di búlúù, kò sì sí ohun mìíràn tó yí padà.

Òun ló kọ́kọ́ yé. Àpótí tó ń pa ariwo náà dà bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn pa mọ́ ohùn, kò ní í ṣí i títí ohùn ńlá yóò fi kàn án, ohun kékeré tó bá kọ́kọ́ dé, á ní jẹnẹrétọ̀ ni. "Ẹ" sì ni ohun tó kéré jù, tó sì máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa. Tó bá wà láàárín ọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn ti ṣí, á kọjá. Tó bá wà níwájú, ó parí. Ẹ̀rọ tí mo fi owó mi rà ka ọ̀wọ̀ mi mọ́ ariwo. Hẹ́lò ńkọ́? Wọ́n gé orí hẹ́lò náà, àmọ́ tí wọ́n bá gé orí hẹ́lò, ta ló máa mọ̀, ta ló sì máa bínú?

Obìnrin mi ní, "Ká ní o fi 'sà' sí i ni, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni 'sà' ń wà, ì bá ti kọjá." Mo ní kó má tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé e padà sí Ìkòtún. Ọmọkùnrin yẹn nawọ́ sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé ọjà tí wọ́n bá ti tà, wọn kì í gbà á padà. Ó ki okùn rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà, ó ní, "Hẹ́lò, hẹ́lò." Hẹ́lò dún. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ó ń ṣiṣẹ́."

Mo ní, "Sọ 'ẹ'."

"'Ẹ' báwo?"

"'Ẹ' bí 'ẹ' ṣe rí."

Ó sọ ọ́, kò sí nǹkan kan. Ó gbé èjìká, ó ní, "Ta ló ń sọ 'ẹ' nínú géèmù?"

Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì di kańtà mú kí n má baà fi wọ́n dì í lọ́rùn. Mo ní, "Gbọ́. Fi sọ́kàn pé màmá rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀. Bẹ̀ wọ́n." Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé, àmọ́ ó sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, màámi." Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn rẹ̀ jáde pé, "Jọ̀ọ́, màámi." Ó tún un ṣe, ó tún wí bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Màámi á gbá mi létí." Lẹ́yìn ìyẹn la tó wá lè sọ̀rọ̀ bí ènìyàn.

Mo ní kó gbé èyí dúdú tó yọ ṣùtì sí lọ́jọ́sí wá, ká pààrọ̀ rẹ̀. Mo dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, mo fi máìkì sẹ́nu, mo ń sọ pé, "Ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bínú." Obìnrin kan tó ń ra ṣájà yíjú sí mi, ó ní, "Ó ti tán, bọ̀ọ̀dá, kò tó nǹkan." Mò ń gbọ́ "ẹ" mi, gbogbo rẹ̀ pé. Jẹnẹrétọ̀ náà wà níbẹ̀ díẹ̀, àmọ́ mo ti mọ ohun tí mo máa fi dí wíńdò nílé.

Ẹ̀gbọ́n ò kọ́kọ́ gbà. Ó bi àbúrò rẹ̀ lórí fóònù pé irú irọ́ wo nìyẹn, pé ẹ̀rọ wo ló ń yọ "ẹ" lẹ́nu ènìyàn. Obìnrin mi ò bá a jiyàn. Kí n tó gbé hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì yẹn padà, òun fúnra rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ sí i, ó sì ti fi í pamọ́ sórí fóònù rẹ̀. Ó fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ohùn àbúrò tí òun fúnra rẹ̀ tọ́, tí kò gbàgbé "ẹ" fún un rí láyé: "Káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Jọ̀ọ́. Má bínú sí wa."

Ní ọjọ́ kejì, ó ní òun á wọlé ní Sátidé.

Ní Sátidé, mo yọ fóòmù kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi dí wíńdò. Ooru mú bí nǹkan míì. Obìnrin mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé etí sún mọ́ etí mi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọlé, mo ní, "Ẹ káàárọ̀." Mi ò fi "sà" sí i.

Hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì aláìníná yẹn mọ́ débi pé mò ń gbọ́ bó ṣe ń po tíì nínú kọ́ọ̀pù. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán. Ẹ má bínú. Ẹ sọ fún àwọn ènìyàn yín kí wọ́n máa bọ̀ ní ọjọ́ tí a dá."

Mo ka "ẹ" inú rẹ̀, mẹ́ta ni. Ọ̀kan ò sọnù. Obìnrin mi ti fi ọwọ́ bo ẹnu, omi ti lé sí i lójú. Ọ̀rọ̀ Èkìtì tó sọ fún màmá wọn, kò mẹ́nu kàn án.

Mo ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni o, mi ò gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Obìnrin mi já mi léèékánná nítan. Mi ò mira. Ọkùnrin náà tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pẹ̀lú "ẹ" mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó kọ́kọ́ sọ, mo gbà á fún ara mi. Èkejì yẹn, ti ìyá ìyá mi ni.